Gáàsì Inú Omi Kànga Wa

Mo rántí ìgbà tí ó dá mi lójú pé gáàsì ìdáná wà nínú omi kànga wa ní Ìgando, àti pé èmi ni Ọlọ́hun yàn láti fà á jáde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama tí mọ́sáláṣí wa dá sílẹ̀. Bàbá mi fẹ́ kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn ta irinṣẹ́ ní Ìyànà Ìpájà. Èmi fẹ́ lọ ka kẹ́mísírì. Mo ṣèlérí pé gáàsì inú omi ni màá fi se tíì wọn lọ́jọ́ Sátidé.

Wọ́n ní, "Tí kò bá hó, Mọ́ńdè lo máa bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù."

Mo yá bátìrì ńlá tí mọ́sáláṣí fi ń pe ìrun nígbà tí kò bá sí iná. Bàbá Ládàánì, tó máa ń pe ìrun, ní, "Kó padà kó tó di Alásárì o. Ọ̀fun mi ti dàgbà."

Mo bu omi sínú ike, mo fi kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń se ọṣẹ díẹ̀ sí i kí iná lè rìn nínú rẹ̀, mo ki irin méjì bọ̀ ọ́, mo sì so wọ́n mọ́ bátìrì. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí yọ ìfóófòó. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gba gáàsì ara irin kan sínú àwọn bàlúùnù, tí mo sì ń dúpẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Èmi ń dunnú, n kò ríran.

Nígbà tí mo ṣáná sí gáàsì náà lábẹ́ kẹ́tùlù, iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lójú. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Ṣé ó ti tàn ni, àbí à ń dúró dè é?"

"Ó ti ń jó, sà."

Bàlúùnù ìkẹyìn rọ. Wọ́n ti ìka bọ kẹ́tùlù. "Èyí dáa fún àlùwàlá," ni wọ́n wí.

Alásárì dé, kò síná, bátìrì sì ti kú. Bàbá Ládàánì fi ọ̀fun lásán pe ìrun. Ohùn náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa, ó sì dúró síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun, mo fẹ́ lọ da omi inú ike nù, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Ó gbóná ju kẹ́tùlù lọ! Mo ké sí bàbá mi. Wọ́n fọwọ́ kan ara ike, wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn kíá.

"Kí ló sè é?"

"Bátìrì ni, sà. Agbára díẹ̀ ló tó láti pín omi sí gáàsì. Èmi fi gbogbo ipá bátìrì tì í. Gáàsì gba díẹ̀, ìyókù wá ń se omi tí a ò ní mu."

Bàbá Ládàánì, tó wá gbé bátìrì mọ́sáláṣí, fi ohùn tó ti há béèrè pé, "Ohùn tèmi náà ńkọ́? Ṣé ó wà nínú ike?"

Bàbá mi wá ní, "Kò hó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n o mọ ibi tó ti jò. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì mọ ibi tí owó ṣọ́ọ̀bù wọn ti ń jò títí dòní. Lọ ka kẹ́mísírì rẹ."

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ẹgbẹ́dá báyìí. Bí a bá ń pín omi, ìfóófòó ni gbogbo wọn máa ń wò. Èmi a ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kan ike. Títí bàbá mi fi lọ bá Olúwa wọn, wọn kì í mu tíì tí mo bá sè láìkọ́kọ́ ti ìka bọ̀ ọ́.