Àwọn Irin Ara Ọkọ̀ Ọdẹ́dìran

Bí ẹ bá dúró nítòsí rélùwéè ní Ọ̀fà, tí ẹ béèrè ọkọ̀ Ọdẹ́dìran, kò sí ọlọ́kadà tí kò ní júwe rẹ̀ fún yín. Ọkọ̀ akẹ́rù aláwọ̀ ewé ni, kántà olórí kúkúrú, kì í ṣe tírélà. Irin ló kún ara rẹ̀: irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin lábẹ́, irin níwájú tó yọ síta bí eyín ìmàdò. Ọdẹ́dìran fúnra rẹ̀ kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ náà, kò sẹ́ni tó tún jù ú lọ mọ́.

Ọmọ ilé ọdẹ ni, láti Òjòkú. Ògún ni wọ́n ń bọ nílé wọn, òun náà sì ń bọ ọ́ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ohun tó wá dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni pé, bí ọdún Ògún bá ti dé, tó sì rántí oore tó rí gbà, a máa gbé ọkọ̀ lọ bá Kabir wẹ́dà kó bá òun jó irin kan mọ́ ọn. Irin ọpẹ́ ló pè é. Bíréèkì já lọ́nà Ìlemọnà, ẹnikẹ́ni kò kú: irin kan. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ wọlé sí Pólì: irin mìíràn, èyí sì nípọn dáadáa. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tó bá yá, ọkọ̀ náà á di ojúbọ tó ń fi táyà rìn. Kí a má purọ́, òótọ́ wà nínú yẹ̀yẹ́ náà.

Iṣu ló ń kó tẹ́lẹ̀, láti Òjòkú lọ sí Ìbàdàn. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn ẹrù iṣu: bí iṣu bá ti ga kọjá irin òkè, ọkọ̀ kún nìyẹn. Nígbà tó wá gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Ọ̀fà, tí wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò máa gbé oògùn lọ sáwọn ilé-ìwòsàn ní kánkán, inú rẹ̀ dùn. Àgbà ti ń dé, kò fẹ́ máa sun orí iṣu mọ́. Iṣẹ́ yìí ló fẹ́ fi rọra lo ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán ọkọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kó gbé e gun ìwọ̀n ńlá tó wà nílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó dírípù sí i, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Páálí rẹ̀ kò tíì ga tó ìbàdí èèyàn tí Mojísọ́lá, obìnrin tó ń bójú tó ẹrù, fi ní kí wọ́n dúró.

"Ó tó, Dádì. Ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ọdẹ́dìran wo inú ọkọ̀, ó wo Mojísọ́lá, ó tún wo inú ọkọ̀.

"Àǹtí, kí ló pọ̀ jù? Èèyàn lè gbá bọ́ọ̀lù nínú ibí yìí."

"Kì í ṣe àyè la ń wò, sà. Ìwọ̀n ni. Omi wúwo."

Ọdẹ́dìran fa ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó nawọ́ sí àwo irin kékeré tó wà lára rẹ̀. "Tọ́ọ̀nù méje ni wọ́n kọ síbí. Ẹ̀yin náà lẹ ní dírípù yìí kò ju mẹ́rin lọ."

"Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú méje yẹn, Dádì. Epo wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni bíréèkì rẹ̀ lè dá dúró."

"Èmi náà wá di ẹrù?"

"Ẹrù ni yín, sà." Mojísọ́lá kò rẹ́rìn-ín.

Ó wá là á yé e. Nígbà tí ọkọ̀ náà wà ní tuntun, tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni òun nìkan, ó ku mẹ́rin fún ẹrù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ti fi hàn pé ó kù díẹ̀ kí òfìfo rẹ̀ pé mẹ́rin báyìí. Ilé-iṣẹ́ kò sì lè gba ọkọ̀ tí kò lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́rin. "Àwọn irin yìí ni, Dádì. Bí ẹ bá lè yọ wọ́n, ẹ padà wá."

Ọ̀rọ̀ náà rú Ọdẹ́dìran lójú pátápátá. Ṣebí irin ló ń mú kí ọkọ̀ lágbára? Agbára tó fi kún un ni wọ́n wá sọ pé kò jẹ́ kó gbé ẹrù yìí. Bó ti rò ó síwájú ló rò ó sẹ́yìn, kò bá a débì kan. Èyí tó tún wá dẹ́rù bà á jù ni ti Ògún. Ta ló ń dúpẹ́ tán tó ń gba ọpẹ́ rẹ̀ padà? Bó bá sì fi irin náà sílẹ̀, iṣẹ́ lọ.

Ó gba Òjòkú lọ, ó lọ bá Bàbá Ògúnwùmí, àgbà ilé wọn. Àdá ni bàbá ń pọ́n. Ó gbọ́ ọ títí, kò dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró.

"Irin tó o fún Ògún, ibo lo gbé e sí?"

"Ara ọkọ̀ mi ni, Bàbá."

"Ta ló ń wa ọkọ̀ náà?"

"Èmi ni."

"O fún èèyàn lẹ́bùn, ìwọ náà lo tún ń gbé e kiri. Kí wá ni ẹni tó o fún rí gbà?" Bàbá fi ìka tọ́ ẹnu àdá wò. "Gé wọn, kó o kó wọn wá síbi ojúbọ. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti máa wúwo."

Ọdẹ́dìran dúpẹ́, ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ Kabir ni ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fúyẹ́. Kabir gé irin bíréèkì, ó gé irin Pólì, ó gé títí wọ́n fi di òkìtì nílẹ̀. Ó wá dé orí irin kan tó dábùú lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, ó sì pa iná ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí ńkọ́?"

Èyí kì í ṣe ọpẹ́. Ọdún tí ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá Dúrótìmí, àkọ́bí Ọdẹ́dìran, pa lórí ọ̀kadà ni ó ní kí wọ́n jó o mọ́ ọn. Ẹ̀bẹ̀ sí Ògún ni: irin ti mú ẹnì kan nílé mi, kó tó gẹ́ẹ́. Kabir yìí kan náà ló jó o, òun náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni Bàbá Ògúnwùmí sọ, kò sọ ti ẹ̀bẹ̀. Ọdẹ́dìran dúró, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ó fọwọ́ kan irin náà.

"Fi í sílẹ̀."

Nígbà tó kó àwọn tí wọ́n gé lọ sí ojúbọ tán, tó sì tún gun orí ìwọ̀n, Mojísọ́lá wo nọ́ńbà, ó mi orí. "Ó mà ku díẹ̀ sí i, Dádì. Kí ló ṣì wà lára rẹ̀ tí ẹ lè yọ?"

"Ọmọ mi ni, Àǹtí."

Kò yé Mojísọ́lá, Ọdẹ́dìran sì rọra ṣàlàyé fún un. Mojísọ́lá kọjú sí àwọn tó ń kẹ́rù, ó ní kí wọ́n sọ páálí mélòó kan kalẹ̀, kí wọ́n sì gba ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀.

Bí ọkọ̀ náà ṣe ń jáde títí di òní nìyẹn, ẹrù rẹ̀ a máa dín díẹ̀ sí ti àwọn yòókù. Bí agbẹ́rù tuntun bá fẹ́ fi páálí kún un, àwọn ará ibẹ̀ á dá a lọ́wọ́ kọ́, wọ́n á ní èèyàn wà níbẹ̀.