Ẹnu Mọ́tò Tí Kò Ní Asẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lórí bíríìjì lọ́jọ́ tí a ń sin bàbá ọkọ mi lọ sí Mẹ́kà. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ títí di ìsinsìnyí!

Ráṣáàkì ọkọ mi ra mọ́tò lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Ẹnu irin tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ ti dípẹtà, ó di dandan kó ra òmíràn. Mẹkáníìkì wa ní Lafiaji ní kó ra èyí tó ní asẹ́ wáyà lẹ́nu, nítorí ìdọ̀tí. Ẹnu èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ṣé ó gbọ́? Èyí tó ń dán yinrin, tó lanu gbàgà bíi fèrè, ló wọ̀ ọ́ lójú. Ó ní asẹ́ á máa fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn, pé òun fẹ́ kí mọ́tò òun máa bú ramúramù. Olórí kunkun!

Ó sì bú lóòótọ́. Nígbà tó sítáàtì rẹ̀ nínú agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ewúrẹ́ sá, ọmọdé pàtẹ́wọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rù ohùn yẹn bà mí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, ìyá ọkọ mi wo ẹnu fèrè náà, wọ́n ní ọyẹ́ ti dé, eruku á kún inú rẹ̀. Ni wọ́n bá ya díẹ̀ létí ìborùn wọn, wọ́n ta á ní kókó mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n sì ṣàdúrà sí i. Ta ló máa sọ fún ìyá ọkọ pé kí wọ́n tú u?

Bàbá jókòó níwájú nínú agbádá funfun, èmi àti Ìyá wà lẹ́yìn. Ní Apọ́ngbọ̀n, ọkọ mi dúró, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó lè ṣe fáàrí fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo yọjú. Aṣọ ti pòórá!

Mo bi í. Ó ní afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Afẹ́fẹ́ wo, nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní dídé? Mo bẹ̀ ẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú kì í dúró deni.

Bíríìjì kan ṣoṣo la ní láti sọdá ọ̀sà lọ sí Ìkẹjà, níbi pápákọ̀ òfuurufú. Bí a ṣe gùn ún, ọkọ mi tẹná. Ohùn yẹn lọ sókè. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, ohùn ò wálẹ̀!

“Ráṣáàkì, rọra!”

“Bàbá, mo ti gbẹ́sẹ̀ kúrò!”

Bíréèkì ń ké, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin ẹ̀gbẹ́ bíríìjì ń bọ̀ wá bá wa, ọ̀sà sì wà nísàlẹ̀. Ìyá ń pe Ọlọ́run. Bàbá ló na ọwọ́, tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ pa. Àgbà kì í wà lọ́jà lóòótọ́! Mọ́tò fara ti irin, ó dákẹ́.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. “Mẹ́kà ni mo dágbére, Ráṣáàkì. N ò dágbére ọ̀run.” Lọ́rì ni wọ́n wọ̀ dé Ìkẹjà.

Mẹkáníìkì fa aṣọ náà yọ lọ́fun ẹ́ńjìnnì, ní àkísà, níbi tó há sí tí ohùn ò fi wálẹ̀. Ìyá tò ó sórí ẹní. Kókó tí wọ́n ta nìkan la ò rí.

Ọkọ mi ti ra èyí tó ní asẹ́ báyìí. Mẹkáníìkì búra pé kò sí nǹkan nínú ẹ́ńjìnnì mọ́. Ẹ̀kọ́ mi ni pé tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ra asẹ́, ẹ ra asẹ́. Ẹ má fi ìborùn ìyá yín dípò rẹ̀. Ta ni irú èyí ti ṣe rí? Ẹ sọ ọ́ fún mi kíákíá. Bàbá ń padà bọ̀ láti Mẹ́kà, mọ́tò yẹn náà ni ọkọ mi ní a ó fi pàdé wọn, a kò sì tíì rí kókó aṣọ náà.