Ojú Ìwé Kẹrin Tí N Kò Kà fún Tonton

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ adójútòfò, wọ́n fún mi ní akoto funfun kan, agboòrùn kan, àpò aláwọ̀ búlúù kan, àti káàdì oníke tí àwòrán mi wà lára rẹ̀. Mo fi káàdì náà kọ́rùn, mo gba inú ọjà Tchaourou kọjá lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí mo fẹ́ rà. Ọdún méjì ni mo ti jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí mo gbà ní Parakou, tí mò ń bá ìyá mi bó ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ tó kàwé bó ẹ̀gẹ́ rí nìkan ló lè mọ bí káàdì oníke ṣe ń pa èèyàn bí ọtí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọ iṣẹ́ wa. O lè so ara rẹ mọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Wọn á kọ́ ẹ níṣẹ́, wọn á máa fún ẹ ní nǹkan díẹ̀ lóṣooṣù títí ẹsẹ̀ rẹ á fi ranlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tiwọn nìkan lo gbọ́dọ̀ tà, o kò sì gbọdọ̀ júwe ilé ẹlòmíràn fún oníbàárà. O sì lè dá dúró bí àwọn tí à ń pè ní courtier, tí wọ́n ń ta ìwé ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n ń wá èyí tó bá oníbàárà mu. Ẹni tó dá dúró kò rí ẹni fún un ní akoto. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan tí a jọ kàwé wà lọ́dọ̀ irú wọn ní Parakou, ó sì bẹ̀ mí títí kí n wá bá òun. Nígbà tí mo kọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ibi tí wọ́n bá so ewúrẹ́ mọ́ náà ló ti ń jẹ, kí n ṣáà má jẹ okùn mọ́ ọn. Mo fèsì pé ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kiri ni ọkọ̀ ń pa. Mo rò pé mo ti borí nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán wa wò. Ẹni tí kò bá rí èèyàn ogún kó wọlé kí oṣù kẹta tó parí yóò dá káàdì padà. Ọ̀gá wa sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó sì tún un sọ lọ́sẹ̀ kejì láìrẹ́rìn-ín.

Wọ́n kọ́ wa ní bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń wo oníbàárà lójú, bí a ṣe ń fún un ní bírò. Wọn kò kọ́ wa ní bí a ṣe ń ta ibi fún àwọn èèyàn wa. Ní Sanson, mo kí bàbá àgbẹ̀ kan láàárọ̀, mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo ní bí iná bá jó ilé wọn ńkọ́. N kò tíì délẹ̀ ọ̀rọ̀ tí bàbá fi dìde wọlé. Ìyàwó rẹ̀ bu omi wọ́n ibi tí mo kúnlẹ̀ sí kí n tó gun alùpùpù mi. Ní Kika, àwọn obìnrin gbọ́ mi dópin, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan kò jáde lẹ́nu mi tí wọn kò fi "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" lé e, nígbà tí mo sì parí, ṣe ni wọ́n gbàdúrà fún mi kí n ríṣẹ́ tó dára. A kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi wá sílé. Èmi náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìyá mi ì bá gbá mi lẹ́nu bí mo bá dán an wò nílé.

Ìgbà náà ni mo dá ọgbọ́n tèmi. Mo sọ gbogbo aburú di "ohun tí a kì í dárúkọ." Bí ohun tí a kì í dárúkọ bá ṣẹlẹ̀, ìwé yìí á dúró tì yín. Ojú àwọn àgbà tutù, wọ́n ń ṣe àmín, wọ́n ń tẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ìwé náà ní ojú ìwé kẹrin, níbi tí wọ́n to gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ kò ní san nǹkan kan lé lórí sí. Ta ni yóò jókòó síwájú àgbàlagbà, kí ó máa ka aburú ní oókan eéjì, kí ó sì tún sọ fún un pé ẹnì kankan kò ní gbà á níbẹ̀? Mo máa ń ṣí i kọjá ni. Nísinsìnyí tí mo ti ń dá ṣiṣẹ́, òun ni mo kọ́kọ́ ń kà, sókè ketekete, wọ́n sì ń lé mi jáde nílé dáadáa.

Nígbà tí oṣù kẹta ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹnì kan ló kù kí ogún pé. Mo ti kiri dé ibi tí àwọn ọmọdé ti ń sá bí wọ́n bá rí akoto mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí ẹ̀gẹ́ níwájú ìyá mi, n ó tún gbé akoto, n ó jáde.

Mo lọ bá Tonton ní Alafiarou. Àbúrò bàbá mi ni. Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì wà ní ilé-ìwé kékeré, òun ló sì gbà mí tọ́. Oko kajú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sí ẹ̀yìn ilé ló rán mi níwèé. Bí wọ́n bá ti ta ti ọdún náà tán, èmi ló kọ́kọ́ máa ń pè. Mo ti fi í sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn, bí ìyá ilé ṣe ń fi iṣu kan pamọ́ de ọjọ́ tí ebi bá le.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sálásí dé, ó jókòó lórí ẹní lábẹ́ igi. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Mo fa ìwé yọ, ó ní òun kì í yẹ ọ̀rọ̀ ọmọ òun wò. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí. Ó na ọwọ́, ó fi tọ́ka ilé, ó fi tọ́ka àká, ó sì gbé ọwọ́ náà lọ títí dé ibi tí igi kajú ti bẹ̀rẹ̀.

"Gbogbo èyí?"

Ilé àti ẹrù inú rẹ̀ nìkan ni ìwé wa bò. Mo mọ̀. Mo tún mọ ohun kejì: ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé ilé-iṣẹ́ kan lára tiwọn ní ìwé fún oko kajú, tó bo iná. Bí mo bá là á fún Tonton, èyí tó bo kajú ni yóò ní kí n mú wá, káàdì mi á sì padà sọ́dọ̀ ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Mo wo ilẹ̀.

"Ohun tí a kì í dárúkọ, Tonton," ni mo wí, "ìwé yìí á dúró tì yín."

Ó ní àmín, ó tẹ̀ka. Ó sì gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà fún mi títí orúnkún fi ń ro mí. Inú mi dùn lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń padà. Èyí ló ń dójú tì mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Mo sọ fún ara mi pé bí iṣẹ́ bá ti dúró, n ó padà lọ ṣàlàyé. Mo lọ lóòótọ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí àpò búlúù tí mo fi ìwé náà sí fún Tonton, tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Káábà, mo kàn kí wọn, mo sì padà sílé. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, Tata, ìyàwó Tonton, sọ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín pé ọkọ òun ti ń sinmi lọ́dún yìí. Ọdọọdún ló máa ń ro ilẹ̀ yí oko kajú ká kí iná ìgbẹ́ má baà wọ̀ ọ́, iṣẹ́ tó máa ń dá ẹ̀yìn rẹ̀ dúbúlẹ̀. Tọ̀tẹ̀ yìí, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ọmọ òun ti bá òun mójú tó o.

Mo ní kí Tata bu omi fún mi. Mo mu ún tán, mo sì lọ sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ yẹn ni Tata pè mí. Ẹnì kan dáná sun ìgbẹ́ lápá ìsàlẹ̀, atẹ́gùn sì gbé e. Kí n tó dé, ó ti parí. Kò pa ẹnikẹ́ni, kò kan ilé. Igi kajú dúró gbagidi ní dúdú, òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ti lọ, èéfín epo ara wọn sì ń ta mí lójú.

Tonton ti wẹ̀. Ó wọ jalabíà tó mọ́, ó jókòó síwájú ilé bí ẹni ń retí àlejò láti ọ́fíìsì. Àpò búlúù wà lórí itan rẹ̀.

"Kà á fún mi," ni ó wí. "Gbogbo papier náà, láti ojú ìwé kìn-ín-ní."

Mo kà á. Mo dé ojú ìwé kẹrin, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà: omíyalé, ogun, ẹran ọ̀sìn, igi, ohun ọ̀gbìn inú oko. Mo dárúkọ gbogbo wọn síwájú rẹ̀. Tata wà níbẹ̀, àwọn ará ilé wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

"Ṣé kò sí èyí tó ń bo kajú ni?"

"Ó wà, Tonton. Lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ní Parakou."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Kí ẹ tó tẹ̀ka."

Mo ní bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ iye ọjọ́ tó kù, mo sọ pé ẹnì kan ló kù. Ó wo oko náà títí.

"Bon, ó dáa," ni ó wí. "Bí o bá ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ ni, ǹ bá tẹ̀ka sí méjèèjì."

Ó ká ìwé náà, ó dá a padà sínú àpò, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní Tata ti se iṣu, kí n jẹun kí n tó máa lọ.

Mo jókòó, mo jẹ ẹ́.