Ìpara Irorẹ́ Deyanira

Ọjọ́ Sátidé ni ìyá mi kú. Ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ láti ọjà Santander yọ̀ lórí ẹrẹ̀, ó já sínú àfonífojì. Àwọn yòókù jáde láàyè. Wọ́n gbé òun wá fún mi pẹ̀lú àpò híhun tó máa ń gbé kọ́rùn. Mo fi àpò náà kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò tú u. N kò lè tú u.

Deyanira Yatacué lorúkọ rẹ̀. Oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ báyìí. Èmi á sọ ọ́ bó ṣe rí.

Orí òkè yìí ni wọ́n bí i sí, lápá òkè Toribío. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ìlú ńlá Cali. Irorẹ́ bo ojú rẹ̀ nígbà náà, láti iwájú orí dé ọrùn. Obìnrin onílé tó ń sìn ní kó má gbé oúnjẹ síwájú àlejò mọ́, pé ojú rẹ̀ ń lé oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ọdún mẹ́rin ló fi jókòó sí ilé ìdáná. Ó padà wálé, ó bí mi, bàbá mi bá tirẹ̀ lọ. Irorẹ́ lọ, àpá kò lọ. Títí ó fi kú, tó bá ń bá ẹni tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wà lẹ́rẹ̀kẹ́.

Igbó tí wọ́n ń mu la ń gbìn níbí. Kọfí kò gbọ́ bùkátà mọ́. Ìyá mi ń gbin tirẹ̀ bíi ti gbogbo ayé, títí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ fi kó irúgbìn mìíràn dé: igbó tí kì í pa èèyàn bí ọtí. Wọ́n ní nǹkan kan tó ń jẹ́ CBD ló pọ̀ nínú rẹ̀, pé ó ń tu awọ tó bá wú tó sì pọ́n lára. Ìyá mi nìkan ló gbà á ní àdúgbò wa. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Deyanira, igbó tí kì í pani? Adìẹ tí kì í yé lo ń sìn yẹn o."

"Tìẹ tó ń yé ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n lọkọ ẹ ti lọ ń jẹ ẹyin ẹ̀?"

Ó ń sá òdòdó igbó náà síbi ibòji. Ó ń fi òróró àgbọn sè é lórí ẹyín iná, wákàtí mẹ́ta, kò sì gbọdọ̀ hó. Ó ń sẹ́ ẹ, ó ń yọ́ ìda oyin mọ́ ọn, ó ń dà á sínú ìgò kéékèèké. Ó kọ́ mi. Mo rò pé ó kọ́ mi tán.

Ó lé lọ́dún kan tí ìpara náà fi gbajúmọ̀. Ọmọ tí irorẹ́ ti sọ di ẹni tí kì í gbójú sókè, tó bá pa á fún ọ̀sẹ̀ kan, ojú á dán. Ilé mọ́kànlá ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ọwọ́ Deyanira ni, kì í ṣe ewé." Inú rẹ̀ á dùn, á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú ẹ̀rín náà.

Ẹni tó fẹ́ràn jù nínú àwọn tó ń pa á ni Yuliza, ọmọ Nohemí. Ọ̀rẹ́ ìyá mi láti kékeré ni Nohemí. Yuliza fẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ ìbí yẹn ni ọmọbìnrin ń di àgbà lójú gbogbo ìlú níbí. Á wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, á bá bàbá rẹ̀ jó. Bàbá Yuliza ń ti Ecuador bọ̀ nítorí rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni kò ti fojú kan ọmọ náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí a sìnkú, ìpara tán nílé gbogbo èèyàn. Mo sè é bó ṣe kọ́ mi, mo pín in.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ariwo sọ. Ojú àwọn ọmọ pọ́n bí ata. Ó ń ta wọ́n, ó ń bó. Irorẹ́ sì sú lé e lórí, tóótòòtó, ju ti àtijọ́ lọ. Yuliza kò lọ sílé ìwé mọ́. Ó fi aṣọ wé ojú bí ẹni tó ń kó oyin.

Nohemí ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi lójú.

"Ìwọ lo wẹ òkú ìyá ẹ, Ferney. Òtútù òkú wà lọ́wọ́ ẹ, o wá fi ń po ìpara."

Mo gbà. Ta ni kò mọ òtútù òkú? Ó ń pa irúgbìn nínú ilẹ̀. Ó ń mú ọmọ ọwọ́ rù. Mo fi ewé ruda tó ń lé òtútù náà wẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi ọtí líle fọ ìkòkò. Mo tún un sè, mo tún un pín. Ó tún burú sí i.

Lọ́jọ́ Túsìdé, Nohemí wá. Sátidé ni àríyá.

"Ferney, ọmọ mi, ṣé kí ọmọ mi máa fi aṣọ lórí jó bí òkú tó jí ni?"

"Mà, bí Màmá ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é."

"Wá inú ẹrù rẹ̀ wò. Bóyá ó fi nǹkan sílẹ̀."

Mo rò pé ìwé tó kọ nǹkan sí ló ń wí. Nígbà tó lọ, mo sọ àpò kalẹ̀ lórí ìṣó, mo tú u. Òòyà rẹ̀. Búrẹ́dì ààbọ̀ tó ti bu. Ọ̀rá dúdú kan wà nísàlẹ̀. Mo tú ọ̀rá. Ìpara ilé oògùn ló wà níbẹ̀, irú èyí tó wà nínú ọ̀pá bí ọṣẹ ìfọyín. Ogún ni wọ́n. Èyí tó ṣe ìkọkànlélógún ti tán. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ la ikùn rẹ̀, wọ́n ti ha á mọ́ féfé. Ọ̀bẹ tí ìyá mi fi ń gé ìda oyin ló máa ń là báyẹn.

Mo jókòó sílẹ̀. Ohun tó lọ rà nìyẹn. Ibi tó ti ń rà á bọ̀ ló kú sí.

Mo mú ọ̀kan lọ bá Aurelina, nọ́ọ̀sì wa. Ó kà á.

"Ta ló ń fi èyí pa ojú?"

"Ẹnì kan."

"Láti ìgbà wo?"

"Á tó ọdún kan."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọdún kan? Lójú? Ferney, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń lò ó! Ó ń pa iná inú awọ lójú ẹsẹ̀ ni, ojú á máa dán. Tó bá ti mọ́ awọ lára, ọjọ́ téèyàn bá jáwọ́ ni ojú á bínú. Tó o bá tún fi sí i, á tún dán. Bẹ́ẹ̀ ni awọ á máa fẹ́lẹ́ títí á fi dà bí èèpo àlùbọ́sà."

"Kí ni kó wá ṣe?"

"Kó jáwọ́, kó wá rí mi. Á pọ́n, á yún, á gbà tó oṣù mélòó kan. Kò sí ọ̀nà àbùjá."

"Igbó inú ẹ̀ ńkọ́?"

Ó wò mí. Ó ti mọ ẹni tí mo ń sọ. "Igbó ò ṣe wọ́n ní nǹkankan. Ó lè máa ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń mú ojú dán lọ́sẹ̀ kan."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo dáná. Mo gbé òróró ka iná. Mo ṣí ọ̀pá kan, mo tẹ ìpara funfun náà sí ìka mi. Ìkòkò kan péré ni. Tó bá fi máa di Sátidé, ojú Yuliza á dán, orúkọ ìyá mi náà á dán. Mo wo ìka mi títí. Mo ronú kan èèpo àlùbọ́sà. Mo pa iná.

Mo kó ọ̀rá náà, ó di ilé Nohemí. Ó ń lọ aṣọ àríyá ọmọ rẹ̀. Mo gbé ọ̀rá sórí tábìlì.

"Mà, ohun tí Màmá ń pò mọ́ ọn nìyí. Mi ò mọ̀."

Mo ti múra sílẹ̀ de igbe. Kò ké. Ó fa ọ̀rá mọ́ra, ó so ẹnu rẹ̀.

"A dúpẹ́. Ó rà á kó tó kú."

Mo sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ mọ̀?"

"Ta lo rò pé ó mú un débi tí wọ́n ti ń tà á? Ìpara ewé yẹn, oṣù mẹ́ta gbáko ni Yuliza fi pa á. Ó ṣe díẹ̀. Díẹ̀! Ìyá ẹ lóun ò ní po nǹkankan mọ́ ọn. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo rán an létí Cali."

"Ẹ rán an létí Cali."

"Ó fẹ́ jáwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ọmọ hó. Ibi tó o dúró sí yẹn ló ti sunkún kó tó tún lọ rà á. Ó ní tí àríyá bá ti kọjá, òun ò ní ṣe é mọ́."

Mo sọ ohun tí Aurelina wí fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Lẹ́yìn Sátidé," ló wí.

Aṣọ ẹnu ọ̀nà yàrá mì. Yuliza ló jáde. Kò wé ojú. Omi ń jáde létí imú rẹ̀ níbi tó ti bó.

"Màmá, ojú ta ni?"

Ó yíjú sí mi.

"Bọ̀dá Ferney, oṣù mélòó ni nọ́ọ̀sì wí?"

"Kò dá iye kan. Oṣù mélòó kan."

Ó mú ọ̀rá náà lórí tábìlì, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. A gbọ́ nígbà tí ọ̀rá já sínú ṣáláńgá. Nohemí jókòó sórí ilẹ̀. Ìyá mi ló ń pè. "Deyanira o. Deyanira."

Ilé mẹ́wàá ló kù tí mo máa sọ ọ́ fún. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀. Nílé àkọ́kọ́ wọ́n ní ìyá mi ò tíì jẹrà, mo ti ń hú u jáde. Nílé kẹta wọ́n ṣépè fún un. Nílé kẹrin ọmọ ilé náà kàn ń wo ìgò.

Ní Sátidé, ilé kan ló kù, èyí tó jìnnà jù. Mo ń gbọ́ orin láti ilé Nohemí bí mo ṣe ń gun òkè. Ẹni tí mo pàdé lọ́nà ní Yuliza ti bá bàbá rẹ̀ jó, kò fi nǹkankan bojú, bàbá sì ń sunkún, wọn ò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni.

Mo kan ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà Saturia ló ṣí i. Ó dì mọ́ mi.

"Ọmọ Deyanira! Ó mà kú iṣẹ́ lọ́run o. Ṣé o bá mi mú ìpara dání?"

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

Mo ní kí wọ́n jókòó.