Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Onídìrí Wọ Bàálù

Onídìrí kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Bí o bá jókòó sórí àga rẹ̀, kó tó fi òòyà kan irun rẹ, ọ̀rọ̀ bàálù ló máa kọ́kọ́ bá ọ sọ. Kì í ṣe bàálù ńlá tó ń kó èrò o. Bàálù kékeré ẹlẹ́ni méjì ni, tí ẹgbẹ́ kan ń wà fún ìgbafẹ́ ní pápá tó wà lẹ́yìn ìlú. Ọdún tó kọjá ni òun náà wọ ẹgbẹ́ ọ̀hún, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á. Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ìyàwó òun fi ń gbélé.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ti ń kú lọ. Àwọn àgbà ọkùnrin díẹ̀ ló kù níbẹ̀, tí wọ́n ń mu tíì, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Olórí wọn jẹ́ mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì, Àṣá ni gbogbo wọn ń pè é. Ó gbé pátákó sẹ́nu géètì pé àwọn ń gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Òjò pa pátákó, oòrùn pa á, ẹnì kan ò wọlé.

"Ẹ̀yin bàbá," onídìrí sọ fún wọn lọ́jọ́ kan, "nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ẹnì kankan ò ní kí n jókòó. Àlejò tí a ò kí, ṣé ó máa tún padà wá?"

Àṣá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Òótọ́ lo sọ. Ó dáa, ìwọ ni kó o máa bá wa pè wọ́n, kó o sì máa gbà wọ́n lálejò."

Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ oyè. Bó ṣe ń dirí ló ń pe èèyàn: ó pe nọ́ọ̀sì, ó pe olùkọ́, ó pe ìyá oníbúrẹ́dì, pé kí wọ́n wá sí pápá ní Sátidé. Ó kìlọ̀ fáwọn bàbá pé kí wọ́n kí èèyàn dáadáa kí wọ́n tó mẹ́nu ba ẹ́ńjìnnì.

Sátidé pé, èrò dé. Àmọ́ nígbà tí Àṣá ṣí ilẹ̀kùn bàálù, tó ní, "Ta ló máa kọ́kọ́ bá mi gòkè?" ńṣe ni gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ń wo bàtà ara rẹ̀. Oníbúrẹ́dì ní ẹ̀jẹ̀ òun ń ru.

Ìgbà náà ni ìyá ọkọ onídìrí dìde lórí bẹ́ǹṣì. Màmá yìí gan-an ló ti ń bi gbogbo àdúgbò pé kí ni abilékọ ń wá lójú ọ̀run, ó sì ti sọ pé òun ń bọ̀ wá fojú òun rí ibi tọ́rọ̀ náà máa já sí.

"Ìyàwó mi, ṣé ó máa ń mì?"

"Ó máa ń mì díẹ̀, Màmá."

"Mọ́tò tó gbé mi wá mì jìgìjìgì, kò sì kúrò nílẹ̀. Wá bá mi de bẹ́líìtì yẹn."

Onídìrí dè é fún un. Àṣá ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Bàálù sáré, ó gbéra, gbogbo ọrùn ló nà sókè tẹ̀lé e. Ó yí pápá po, ó sì balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Màmá sọ̀ kalẹ̀, ìborí rẹ̀ ti wọ́ sí etí kan. "Mo rí òrùlé ilé wa," ó ní, ojú rẹ̀ ń dán. "Mo rí aṣọ tí mo sá. Àwọn ará ilé kejì tún ti sá tiwọn sórí okùn wa. Ìyàwó mi, kí ló dé tó ò mú mi wá látọjọ́ yìí?"

Ẹ̀rín sọ. Nọ́ọ̀sì ní òun ló kàn. Oníbúrẹ́dì ní irọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ òun ti wálẹ̀. Àṣá ń gbé wọn lọ, ó ń gbé wọn bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Onídìrí ń gbé tíì kiri kí àlejò kankan má bàa dá dúró. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ti gbá olùkọ́ mú, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàlàyé bí ìyẹ́ bàálù ṣe ń gbé e dúró. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àga ò tó mọ́, àwọn tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ sì ti yí Àṣá ká.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn ni onídìrí dá wa bàálù fúngbà àkọ́kọ́, láìsí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó pè wá ló tò sétí pápá, tí wọ́n ń wò ó. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà níwájú gbogbo wọn, ó di nọ́ọ̀sì lápá mú.

"Ṣó o rí ẹni tó ń fò yẹn?" ó ní. "Ìyàwó ilé wa nìyẹn."