Ègbè Tí Mo Gbè ní Savalou

Wọn kò tíì kí ìrun àsùbáà tán nígbà tí èmi àti Rafatu, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gun alùpùpù kúrò ní abúlé wa lẹ́yìn Koko. Ó fẹ́ lọ kọ ráàpù níbi ìdíje kan ní Savalou. Ráàpù ni orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ kíákíá bí ẹni ń jà, tí wọn kì í sì í jà. Súlè, bàbá rẹ̀, tó ń tún alùpùpù ṣe, ló ní kí n sìn ín lọ. Ó ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lálẹ́ àná.

"Àmínà, orin méjì ló ní. Èyí tó ní kí ọmọbìnrin lọ síléèwé, kó kọ ọ́. Ti pọ́ǹpù yẹn, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ó kọ ọ́."

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Wọ́n gbẹ́ pọ́ǹpù omi kan sí àdúgbò wa. Delegé, ìyẹn olórí àdúgbò, fi ọgbà yí i ká, ó fi àgádágodo tì í, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Bí àwọn ìyàwó rẹ̀ kò bá tíì pọn omi tán, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ pọn. Rafatu fi èyí ṣe orin. Orí ilẹ̀ delegé yìí kan náà sì ni ṣọ́ọ̀bù Súlè wà, lẹ́bàá títì, níbi tí oníbàárà ti ń rí i.

A san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fàránkì fún alálùpùpù dé Bantè. Láti ibẹ̀ dé Savalou, ẹgbẹ̀rún fàránkì ni takisí lórí ẹnì kan. Èèyàn méjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́rin sẹ́yìn, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan tí kò sanwó. Òjò ti jẹ ọ̀nà. Níbi tó burú jù, awakọ̀ fi títì sílẹ̀, ó gba inú oko kajú.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà ń lọ kọ ráàpù?" ni ó bi mí.

"Rárá. Mò ń sin ọmọ lọ ni."

"Kí ló fẹ́ fi kọrin?"

"Iléèwé," ni Rafatu dáhùn.

"Iléèwé! Wọ́n á sùn lọ."

Rafatu wò mí. Mo wo àwọn igi kajú.

Ní Savalou, èdè Mahi ló gbilẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin olóúnjẹ gbọ́ tiwa. Agun ni wọ́n ń pe iyán. A ra ti igba fàránkì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà àti wàrà àwọn Fúlàní. Iyán wọn rọ̀ ju tiwa lọ. N kò kà á sí àǹfààní. Ibẹ̀ ni mo ti jíṣẹ́ bàbá Rafatu fún un.

"Tàǹtí, ti iléèwé ni màá kọ," ni ó wí. Ó sì mú kásẹ́ẹ̀tì tí ìlù rẹ̀ wà nínú rẹ̀ jáde hàn mí. Mo gbà á gbọ́.

Nínú ọgbà ilé àwọn ọ̀dọ́ ni eré náà ti wáyé. Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ jáde wọ ṣòkòtò tó lè gba èèyàn mẹ́ta. Ó fi èdè Faransé kọrin nípa gẹ́tò. Mo bi olùkọ́ kan tó jókòó tì mí pé kí ni gẹ́tò.

"Ibi tí àwọn tálákà ń gbé ni, Màmá."

"Apá ibo ní Savalou ni?"

"Kò sí ní Savalou."

Ó kan Rafatu. Ẹ̀rọ náà gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mì, ó sì fa okùn rẹ̀ jáde bí ìfun adìẹ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

"Ará oko, lọ yí iṣu rẹ nínú iná!" ni ẹnì kan ké.

Orin iléèwé kò ṣeé kọ láìsí ìlù inú kásẹ́ẹ̀tì. Ti pọ́ǹpù kò nílò ju àtẹ́wọ́ lọ, nítorí ìdí pọ́ǹpù ló ti ṣe é, níbi tí mo ti gbọ́ ègbè rẹ̀. Rafatu pàtẹ́wọ́, ó sì dá a:

"Òjò rọ̀, kò bèèrè ìyàwó ta ni,
Ilẹ̀ mu ún, kò bèèrè ìyàwó ta ni,
Delegé wa tì í mọ́lé,
Ó ní ìyàwó òun ni yóò kọ́kọ́ pọn!"

Ó dúró kí wọ́n gbè é. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ní Savalou, olórin ráàpù a kọ tirẹ̀, àwọn èèyàn a máa wò ó. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ ilé bá dá orin, ará ilé gbọ́dọ̀ gbè é, bí inú wọn dùn bí kò dùn. Orin tí kò rí ègbè, gbogbo ìdílé ni ojú tì. Ará ilé kan ṣoṣo ló sì wà nínú ọgbà yẹn.

Mo dìde.

"Ṣí i, bàbá, òùngbẹ ń gbẹ wá."

Ohùn mi kò dára. Rafatu ṣíjú wò mí, ó tún un dá. Lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, àwọn obìnrin kan láti Djaloukou bi olùkọ́ náà pé kí ni mo wí. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

"Àwa náà ní delegé tiwa nílé," ni ọ̀kan wí, wọ́n sì bá mi gbè é. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ọgbà ló ń gbè é, wọn kò nílò mi mọ́. N kò jókòó.

Ẹni tó wọ ṣòkòtò ńlá ló gba ipò kìíní. Rafatu gba ipò kẹta, ẹ̀bùn rẹ̀ sì jẹ́ korobá kan. N kò rò pé wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, alálùpùpù tó gbé wa láti Bantè ń kọ orin náà jẹ́jẹ́. N kò bi í pé ta ló kọ́ ọ. Nígbà tí a délé, delegé ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù Súlè.

"Mo gbọ́ pé ẹ kọrin."

"A kọ ọ́, Bàbá," ni mo wí.

"Ta ló gbè é?"

"Èmi ni."

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Súlè, orí ilẹ̀ ta ni ṣọ́ọ̀bù yìí wà?"

"Ilẹ̀ yín ni, Bàbá."

"Ó dáa." Ó dìde, ó lọ.

Súlè mú àkàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú páànù. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Iwájú ilé mi ló kó ṣọ́ọ̀bù náà lọ, níbi tó jìnnà sí títì, tí oòrùn ọ̀sán sì ń pa á. Àwọn obìnrin àdúgbò bá wa ru páànù. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ ló jìn jù, wọ́n sì ń gbe orin náà lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọgbà pọ́ǹpù ti ń wà ní ṣíṣí láti ìdájí. Delegé ní àgádágodo ló bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé bí a bá fẹ́ pa orin, kí a má rán ẹni tó mọ ègbè rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan láti Atokoligbé ti alùpùpù rẹ̀ tó bàjẹ́ wá, ó sì bi Súlè pé kí ló gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé kọ̀rọ̀ báyìí. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mò ń gbọ́ wọn.

"Mo wo gbogbo ilé wa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ẹni tí ẹnu rẹ̀ wúwo jù níbẹ̀, tí kì í tètè sọ̀rọ̀, ni mo rán níṣẹ́."

Mo ń ránṣọ mi lọ.