Àwọn Àlejò Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Bàbá Lìádì

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí Sanmí wá mú ajá ni wọ́n fi ń rántí Bàbá Lìádì jù ní abà Olóṣàn.

Sanmí, ọkọ Wùnmí, gun ọ̀kadà wá láti Olódò. Ọ̀sán gangan. Okùn lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ni, apá rẹ̀ nípọn bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Apá yẹn náà ni Wùnmí sá fún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, tó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọlọ́runṣògo. Yàrá kan. Lańlọ́ọ̀dù kò sì fẹ́ rí ajá. Ló bá gbé ajá rẹ̀ fún Bàbá Lìádì pé kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun á fi ríbi dúró.

Ohun tí Sanmí kò mọ̀ ni pé Wùnmí alára wà níbẹ̀. Ó wá wo ajá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Inú yàrá Ìyá Mùjíbátù, ìyàwó Bàbá, ló wà, lábẹ́ fèrèsé, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ajá lẹ́nu. Bí ajá bá gbó, ó parí. Sanmí ti búra pé bí Wùnmí kò bá padà sílé, àwọn tó ń ta ẹran ajá lòun máa fa ajá náà fún. Wùnmí sì mọ ara rẹ̀. Bí ajá yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ Sanmí, òun náà á tẹ̀ lé e padà.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ajá mi ni mo wá mú."

"Káàsán, ọmọ mi. Ajá pọ̀ lábà yìí. Èwo ni tìẹ?"

"Pupa ni."

"Pupa tó mẹ́rin níbí. Pè é. Èyí tó bá dá ẹ lóhùn, máa mú un lọ."

Sanmí súfèé.

"Súfèé kọ́. Orúkọ ni kó o pè."

Sanmí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Obìnrin bíi mẹ́wàá ló jókòó lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí. Ọ̀bẹ gbogbo wọn ti dúró.

Wùnmí ló sọ ajá náà lórúkọ. Lágbègbè yẹn, ohun tí ẹnu èèyàn kò bá lè sọ, orúkọ ajá ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tí Sanmí kọ́kọ́ gbá a létí ló ra ajá, ó sì sọ ọ́ ní Alágbáramámèrò.

"Jáàkì," ni Sanmí wí.

"Kò sí Jáàkì lábà yìí."

"Alágbára..." Ó fi í sábẹ́ ahọ́n.

"Ọmọ mi, ṣé ajá lò ń pè ni, àbí àdúà lò ń ṣe?"

Inú bí Sanmí. Ó mí kanlẹ̀, ó ké e jáde tán. "Alágbáramámèrò!"

"Baba ọ̀lẹ!" ni gbogbo àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ dáhùn.

Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Òwe tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ lójú àgbà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a parí rẹ̀. Ó tún ké e. Wọ́n tún dá a lóhùn. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọlọ́kadà tó gbé e wá ló yára jù nínú àwọn tó ń dáhùn.

Nínú yàrá, Wùnmí yọ ọwọ́ kan lẹ́nu ajá, ó fi bo ẹnu ara rẹ̀. Ẹ̀rín ni. Ó ti tó ọdún kan tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Oníṣòwò ewúrẹ́ ni Bàbá Lìádì kí orúnkún tó dá wọn jókòó sílé. Ogójì ọdún lọ́jà ẹran. Ìdúnàádúrà ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀ débi pé ohun tí kò ní iye gan-an, wọ́n á ná an. Nígbà kan tí ibà dá wọn dùbúlẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ní Ìyànà Ọ̀fà ní abẹ́rẹ́ mẹ́fà ni wọ́n máa gbà.

"Mẹ́rin," ni Bàbá wí.

"Bàbá, mẹ́fà ni."

"Mẹ́rin. Kí ẹ wá fún ìyàwó mi ní méjì tó kù. A jọ ń jẹun ni."

Ìyá Mùjíbátù, tó jókòó tì wọ́n, ní òun fẹ́ yọjú wo ọkọ̀. Wọn kò padà wọlé mọ́; ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sá dé abà.

Iṣẹ́ tí Bàbá wá ń ṣe lọ́jọ́ ogbó kò ní pátákó. Obìnrin tí ọkọ ń lù, tó fẹ́ sá, tí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè sá, ẹnì kan á yọ́ ọ̀rọ̀ sí i létí: gbé e lọ sí Olóṣàn. Bàbá kì í dá ẹjọ́. Ẹran nìkan ni wọ́n máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ló ń jẹ? Kí ló ń bẹ̀rù? Lẹ́yìn náà, wọ́n á wá àyè fún un láàárín àwọn yòókù. Tòlótòló kan wà níbẹ̀ tó lo oṣù márùn-ún. Ìgbà tó fi máa lọ, òun ló ń pinnu ẹni tó lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá.

Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá bá èèyàn sin ewúrẹ́ máa ń pín nínú ọmọ. Bàbá kò gbà. Ewúrẹ́ mẹ́rin ni Muhsinah, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, kó wá. Nígbà tó padà wá kó wọn, wọ́n ti di mẹ́sàn-án.

"Bàbá, ẹ mú mẹ́ta."

"Ó pọ̀ jù."

"Ẹ mú méjì."

"Wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ẹni tó lè jẹ ewúrẹ́ méjì?"

"Ọ̀kan, Bàbá. Ọ̀kan ṣoṣo."

"Ó ṣì ga."

Muhsinah kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó ń ná ọjà tí wọ́n ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti Olúfúnmi tún yàtọ̀. Tíṣà ni, odídẹrẹ́ ló gbé wá nínú àgò. Ẹyẹ náà ti kọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. Bí nǹkan bá já bọ́ báyìí, á pariwo: "Ṣé orí ẹ dàrú ni?" Ohùn ọkùnrin yẹn gẹ́lẹ́. Bí ẹni pé wọ́n ti ọkùnrin náà mọ́nú àgò. Bàbá gbé àpótí tì í láràárọ̀, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tí Olúfúnmi wá gbé e, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Mùjíbátù, ó fọ́ yángá. Olúfúnmi ká èjìká kò, ó ń retí ohùn yẹn. Ẹyẹ yí ojú kan sí i. "Ó wọ́n jù," ló wí. "Dín in." Olúfúnmi rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ajá Wùnmí ló wá kó wọn sí ìjọ̀ngbọ̀n. Mùsùlùmí ni Bàbá, wọn kò sin ajá rí, àfi ewúrẹ́ àti ẹyẹ. Lọ́jọ́ kìíní pàá, ajá lá abọ́ ọbẹ̀ wọn. Wọ́n gbé abọ́ náà tọ Lemọ́mù lọ.

"Ẹ̀ẹ̀meje lẹ máa fọ̀ ọ́," ni Lemọ́mù wí. "Ọ̀kan nínú rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ lẹ máa fi fọ̀ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ńkọ́?"

"Bàbá, ọjà kọ́ rèé."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí n fi yẹ̀pẹ̀ ṣe méjì."

"Ẹ̀ẹ̀meje ni, Bàbá."

"Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé odò jìnnà sílé mi, orúnkún mi sì rèé."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń rí Lemọ́mù láàárọ̀, korobá omi lọ́wọ́, tó ń gba ọ̀nà ilé Bàbá Lìádì lọ.

Lọ́jọ́ tí Sanmí ké orúkọ ajá, ọwọ́ òfo ló fi padà; ọ̀rọ̀ náà ti dé Ìyànà Ọ̀fà kí òun fúnra rẹ̀ tó débẹ̀. Kò padà wá sábà mọ́. Ìyá rẹ̀ ló rán. Ìyá lọ sí Ọlọ́runṣògo lẹ́ẹ̀mejì, ó kúnlẹ̀, ó sunkún, ó ní ọmọ òun ti yí padà. Ẹ̀gbọ́n Wùnmí sì ti ń mí kanlẹ̀ bó bá ti ń tẹ́ ẹní fún un nínú yàrá kan yẹn. Ló bá di ọjọ́ Ọjọ́rú kan, Wùnmí gba abà lọ pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó fẹ́ mú ajá, kó padà sí Olódò.

"Fi kọ́kọ́rọ́ hàn mí," ni Bàbá wí.

"Kọ́kọ́rọ́ wo, Bàbá?"

"Kọ́kọ́rọ́ ilé tí ajá ń lọ. Èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ ìwọ nìkan ló máa wà."

"Ilé ọkọ mi là ń lọ."

"Mi ò rí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀ yẹn."

Wùnmí bínú. Bàbá ni wọ́n, àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó bínú. "Bàbá, ajá mi ni."

"Ajá ẹ ni. Ìwọ náà sì lo ni ara ẹ. Èwo lo fẹ́ kọ́kọ́ gbà padà nínú méjèèjì?"

Bàbá ní kó jókòó. Wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì ná nǹkan kan. Wọ́n sọ ti àbúrò wọn fún un, Zubaidah, tó lo ọdún méjì nílé ọkọ tó ń lù ú. "Mo ní kó máa bọ̀. Ó ní òun ní ewúrẹ́ méje níbẹ̀, bí òun bá lọ, wọ́n á pa wọ́n jẹ. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ìgbà tó wá padà dé, etí rẹ̀ kan kò gbọ́rọ̀ mọ́." Wọ́n fọwọ́ gbọn erùpẹ̀ nídìí ajá. "Mo ta ewúrẹ́ fún gbogbo Ìbàdàn, mi ò mọ̀ pé ewúrẹ́ ló so àbúrò mi mọ́lẹ̀. Okùn kan péré ni ǹ bá mú dání."

Wùnmí wo báàgì rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó," ló wí. "Màá padà wá lọ́la."

"Ọjọ́rú tó ń bọ̀," ni Bàbá wí.

"Lọ́la, Bàbá."

"Ọjọ́rú méjì."

"Ọ̀tunla, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọjọ́rú mẹ́ta."

"Bàbá, bí èèyàn bá ń ná ọjà, ṣe ló máa ń wálẹ̀."

"Ẹni tó ń rà ni ò ń sọ yẹn. Èmi ni mò ń tà. Ọjọ́rú mẹ́rin."

Wùnmí dákẹ́ kó má baà di márùn-ún.

Onídìrí ni. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Ìyànà Ọ̀fà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dirun fún àwọn obìnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́rú kìíní, ó padà sí Ọlọ́runṣògo pẹ̀lú ìka tó ń ro ó. Ọjọ́rú kejì, àwọn oníbàárà ti ń dúró dè é. Ìyá Sanmí tún wá. Wùnmí kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bu oúnjẹ fún un, ó ní òun kò lọ. Ọjọ́rú kẹta, opó kan tó ní ilé lẹ́yìn ọjà ní olè ti yọ òun lẹ́nu jù, ta ló mọ ẹni tó ní ajá?

Ọjọ́rú kẹrin, Wùnmí na kọ́kọ́rọ́ yàrá tó gbà nílé opó náà sí Bàbá Lìádì. Tuntun ni, ó ń dán. Bàbá gbà á, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, bí wọ́n ti máa ń wo eyín ewúrẹ́. Wọ́n dá a padà.

"Kọ́kọ́rọ́ gidi ni," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà: "Ajá yìí kò tíì jẹun àárọ̀. Jẹ́ kó dúró dọ̀la."

"Bàbá."

"Títí Jímọ̀."

"Bàbá, ẹ ti ṣèlérí."

Alágbáramámèrò ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ju ìrù. Ó bá olówó rẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Mùjíbátù bá ọkọ wọn lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n tẹ̀ ba tì korobá omi, tí wọ́n ń fọ abọ́ ajá. Wọ́n fọ̀ ọ́ nígbà méje. Kò sí ajá tó lá a.

Ọdún tó kọjá ni Bàbá Lìádì kú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, lórí ẹní ìkírun, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Wùnmí lọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ó rò pé òun nìkan ni àjèjì tó máa wà níbẹ̀. Gbogbo àkókò tó fi mọ Bàbá, ó rò pé òun nìkan ni wọ́n ṣe é fún, nítorí wọn kì í sọ ti obìnrin kan fún òmíràn. Ó bá àwọn obìnrin tí kò mọ̀ rí lábẹ́ àtíbàbà. Lórí bẹ́ǹṣì kan. Wọ́n ń wo ara wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti mọ Bàbá?" ni ọ̀kan bèèrè níkẹyìn.

"Ewúrẹ́ ni," ni Muhsinah wí.

"Odídẹrẹ́," ni Olúfúnmi wí.

"Ajá," ni Wùnmí wí.

Obìnrin àgbàlagbà kan ní ìdí bẹ́ǹṣì yí etí rẹ̀ kan sí wọn kó lè gbọ́. Ó ní òun ni Zubaidah. Ó di gbogbo wọn lọ́wọ́ mú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àfáà ṣì ń ṣe àdúà lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin kan dúró sí eteetí àtíbàbà, apẹ̀rẹ̀ lórí, ìwérí rẹ̀ fa sílẹ̀ bo ẹ̀gbẹ́ ojú kan.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n bèèrè Bàbá Lìádì. Pẹ́pẹ́yẹ ni mo kó wá."

Ìyá Mùjíbátù na ọrùn láti ẹnu ọ̀nà níbi tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń ṣe opó.

"Ibí náà ni, ọmọ mi. Gbé e kalẹ̀, kó o jẹun."

Ọwọ́ mẹ́rin ló nà sí apẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dojú dé. Pẹ́pẹ́yẹ fọ́n káàkiri àárín bàtà àwọn àfáà, ọ̀kan sì gorí ẹní ìkírun Lemọ́mù. Àdúà dúró díẹ̀. Lemọ́mù wo pẹ́pẹ́yẹ, ó wo Ìyá Mùjíbátù, ó rọra ká ẹsẹ̀ fún un láyè, ó sì ń bá àdúà lọ.

Wùnmí ló mú èyí tó kẹ́yìn. Ó gbé e mọ́ àyà, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì lábẹ́ ìyẹ́. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, omi sì ti wà lójú.

"Bí mo bá padà wá," ni obìnrin náà wí, "ta ni kí n bèèrè?"

"Wùnmí onídìrí, ní Ìyànà Ọ̀fà," ló wí. "Kó o tó lọ, kí ni wọ́n ń jẹ?"